Ewé Kan Nínú Fírísà

Gbémiró, mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lánàá,
òjò sì ń lu páànù wa ní Ìjọ̀kà bí ẹni tó wá sin gbèsè.
O ní ìrì di yìnyín lórí agbálùmọ̀ rẹ.
Mo ní kí o tún un sọ.
O tún un sọ.
Oṣù Òkúdù la wà, ọmọ mi,
àgbàdo tútù ló wà lẹ́nu wa níbí,
o wá ń sọ fún mi pé ọgbà rẹ funfun láàárọ̀
bí ìgbà tí ẹnìkan da iyọ̀ sílẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ọ̀gbìn l'Álàgbàkà.
Mo kọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìjù bí wọ́n ṣe ń lẹ ẹ̀ka ọsàn dídùn mọ́ ìdí ọsàn kíkan,
mo kọ́ ti Ìta-Ògbólú bí wọ́n ṣe ń lé kòkòrò kúrò lára kòkó.
Ìwé wa kò ní ojú ewé kankan fún ìrì tó dì.
Òtútù tí mo mọ̀ kò ju ọyẹ́ lọ,
ọyẹ́ tí í la ètè, tí í sọ ẹsẹ̀ di funfun,
tí í fi eruku bo òkè Ìdànrè títí a ò fi ní rí i mọ́.
Agbálùmọ̀ kì í bẹ̀rù ọyẹ́.
Inú ọyẹ́ gan-an ló ti ń pọ́n,
á já lulẹ̀ lóru, pọ̀ọ́,
ìwọ àti Fẹ́hìntọ́lá á sì máa du tọ́ọ̀ṣì.
Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọ lọ́dún tí o ń lọ
pé igi wa mọ òtútù, mú kóró mẹ́rin dání.
O kì wọ́n sínú ìbọ̀sẹ̀.

Mo purọ́ fún ọ. Tàbí ká kúkú ní n kò mọ̀.

Nígbà tí o gbé fóònù sílẹ̀, mo já ewé kan lẹ́yìnkùlé,
mo mú un tọ ìyá Adéọtí tó ń ta ẹja dídì lọ.
Ó ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"
Mo ní kó ṣáà bá mi tì í sáàárín kòtẹ̀ àti pánlá.
Ó rẹ́rìn-ín, ó tì í síbẹ̀.
Iná kò lọ lóru ọjọ́ náà, ìyanu ni.
Nígbà tí mo gbà á láàárọ̀, ewé náà le bíi páálí,
ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán bíi fàdákà.
Mo gbé e sínú oòrùn. Kò pẹ́ rárá
tó fi rọ̀, tó dúdú bí ewé ẹ̀kọ tí wọ́n sè lásèjù,
omi ń jáde lára rẹ̀.
Mo dúró tì í pẹ́.
Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti fẹ̀yìntì,
òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì òtútù.

Nítorí náà gbọ́. Má tíì gé ẹ̀ka tó dúdú.
Jẹ́ kó kú sórí igi, kó fi òkú ara rẹ̀ bo ààyè.
Bí ilẹ̀ bá móoru, fi èékánná ha èèpo rẹ̀:
bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò tíì kú.
O ní apá àríwá ni oòrùn ń gbà kọjá lọ́hùn-ún
(ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo gbà),
gbé èyí tó wà nínú garawa síbi ògiri tó kọjú sí i,
ògiri a máa jẹ oòrùn lọ́sàn-án, a sì máa bì í lóru.
Kó koríko gbígbẹ sí ìdí rẹ̀,
má jẹ́ kó kan ẹsẹ̀ igi.

O ní o ti ń fi aṣọ bò ó. Mo bi ọ́ pé aṣọ wo.
O dákẹ́ díẹ̀.
Búláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tí mo rà fún ọ l'Ọ́jà Ọba,
tí mo ná títí inú fi bí ẹni tó ń tà á,
tí mo ní kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ:
òun lo ká mọ́ igi.
Mo fẹ́ bínú. N kò rí ibi tí mo lè gbé e gbà.

Òjò ti dá. Agbálùmọ̀ wa ń kán tótó lẹ́yìn fèrèsé.
Gbémiró, lóru yìí,
ìwọ ńkọ́, ta ló bò ọ́?